Àpò Kajú ní Ọ̀nà Kútọnu

Ẹ bá mi yin ìfẹ́ kí àyà obìnrin dọ́gba. Ó ga ju gbogbo òkè Ṣábẹ̀ẹ́ lọ. Òun ló mú kí Tantí Àbẹ̀kẹ́, àbúrò ìyá mi, rán àpò kékeré, kó kó òwú àti kóró kajú sínú rẹ̀, kó fi í sínú kọ́mú, kó sì máa yan lọ sọ́jà bí olorì. Wọ́n ti gé ọmú kan tirẹ̀ ní tipẹ́. Ó ní òwú nìkan máa ń gun ọrùn lọ. Kajú ló ń mú un jókòó. Mo fi í rẹ́rìn-ín títí jẹjẹrẹ fi mú ọmú òsì tèmi náà lọ.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tí àwa méjèèjì fi wọ táksì ní Ṣábẹ̀ẹ́, à ń lọ rí dókítà ní Kútọnu. Mẹ́rin la jókòó sẹ́yìn.

Awakọ̀ wò wá. “Màmá, ẹ sún díẹ̀. Àyè ṣì wà lápá òsì yín.”

Tantí sọ sí mi létí pé, “Awakọ̀ pàápàá ti rí i.”

Ní Bòhíkọ̀n lójú ọ̀nà, a jẹ àkàsà, ẹ̀kọ tiwa náà ni, ṣùgbọ́n ó kan díẹ̀, pẹ̀lú ẹja díndín àti ata.

Ní Kútọnu, dókítà la ọ̀nà mẹ́ta sílẹ̀. Wọ́n lè ki silikónì, ohun rírọ̀ bí rọ́bà, sábẹ́ awọ: iṣẹ́ abẹ náà kò gùn púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè gba pípààrọ̀ lọ́jọ́ iwájú. Wọ́n lè fi ẹran ikùn mi mọ ọmú: ara mi ni, àmọ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ gùn, mi ò sì ní gbé ohun wúwo fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Tàbí kí n fi àyà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ó fọwọ́ kan ikùn mi. “Madáàmù, eléyìí tó, ó tún ṣẹ́kù.”

Kò tíì sẹ́ni tó yin ikùn mi rí.

Tantí ní, “Ta ni yóò máa gúnyán fún ẹ?”

Fìlósófì ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé. Mo na ọrùn bí ẹni tó wà ní kíláàsì. “Dókítà, ọmú kọ́ lènìyàn. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀.” Ẹ̀rù abẹ ló ń bà mí, mo kàn wá ọ̀rọ̀ ńlá bò ó ni.

Ó ní, “Kò burú. Bí ọkàn yín bá yí, ẹ padà wá.”

Gbogbo ọ̀nà àbọ̀ ni mo fi ń wàásù ìgboyà mi fún Tantí. Nígbà tó yá, òkè Ṣábẹ̀ẹ́ méjì yọ lókèèrè, àwọn tí à ń fi Faransé pè ní mamẹ́ẹ̀lì, ìyẹn ọmú. Méjèèjì pé síbẹ̀. Mo rántí àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi tí wọ́n máa ń jókòó sí ibùdókọ̀ nírọ̀lẹ́, tí wọn yóò sì wo àyà mi bí mo bá ń sọ̀ kalẹ̀.

“Tantí, ṣé ẹ ní òmíràn?”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó tọwọ́ bọ báàgì, ó fa àpò kan yọ. “Mo ti rán an tipẹ́. Mo mọ̀ pé o máa béèrè.”

Mo fi í sínú kọ́mú kí n tó sọ̀ kalẹ̀.