Odò Tí Kò Ní Olórí

Tẹjúmádé aláró kú lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá. Àrùn onígbáméjì ló pa á, láàárín òwúrọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Àwọn àgbààgbà wa ní iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ọlọ́run ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Àwọn tí à ń bọ́ kí wọ́n lè tún ìlú ṣe ńkọ́?

Gbogbo ìlú Ìjẹmọ̀ ló mọ aró Tẹjúmádé, pé kì í ṣí. Bí oníbàárà bá ń yọ ọ́ lẹ́nu, á rẹ́rìn-ín, á ní, "Ìyá mi, ẹ máa lọ. Aṣọ ọ̀rẹ́ yín ni yóò lé yín padà wá." Nígbà tí àrùn dé, ilé aláìsàn ló ń lọ, ó ń gbé omi fún wọn mu, òun náà sì ń mu ún. Omi wo? Omi odò tó wà láàárín àdúgbò Òkè àti àdúgbò Ìsàlẹ̀, tí àpáta kan jẹ́ ààlà wọn.

Àṣà wa ni pé kí àwọn ìyàwó ilé fọ aṣọ òkú nínú omi tó ń ṣàn kí a tó pín in. Ará Òkè ń fọ̀ ọ́ lókè àpáta. Ará Ìsàlẹ̀ ń pọnmi mu nísàlẹ̀. Bí ikú bá dáwọ́ dúró díẹ̀, a ó ní àrùn ti lọ. Kò lọ. Àwa là ń pọn ọ́n, tí a ń rù ú wálé.

Ohun tí gbogbo wa rí, Tẹjúmádé nìkan ló lọ sọ. Mo tẹ̀lé e lọ sọ́dọ̀ olórí Òkè.

Ó ní, "Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí wọ́n yé fọ aṣọ òkú sódò."

Olórí Òkè ní, "Omi tó bá ti kọjá àpáta, ti Ìsàlẹ̀ ni. Ṣé kí n máa jẹ olórí omi olómi ni?"

A lọ sí Ìsàlẹ̀. Olórí ibẹ̀ ní, "Ìyàwó ará Òkè ló ń fọṣọ. Ìyàwó tèmi gan-an kì í gbọ́ tèmi." Àwọn ìjòyè rẹ́rìn-ín.

Tẹjúmádé ní, "Baba, àrùn ò mọ ààlà."

Olórí náà ní, "Ìyá aláró, padà sídìí ìkòkò rẹ."

Lọ́dún tó kọjá, ẹja ńlá kan há sábẹ́ àpáta yẹn. Olórí méjèèjì ló sáré jáde, oníkálukú ní òun ló ni odò. Odò tó ní ẹja ní olórí méjì. Odò tó ní àrùn kò ní ẹyọ kan. Màlúù tí wọ́n pa níbi ìsìnkú olóyè kan lóṣù tó kọjá ìbá gbẹ́ kànga fún wa, ṣùgbọ́n ta ni í jẹ kànga? Ìjọ tiwa náà gbàdúrà, a ṣe àmín, a gba etí odò lọ sílé, a sì pọnmi.

Àná ni wọ́n fọ aṣọ Tẹjúmádé. Nínú odò yẹn náà ni. Láàárọ̀ yìí, Adébímpé ọmọ rẹ̀ gbé ìkòkò lọ pọnmi níbẹ̀, nítorí kò síbòmíràn.

Ẹ̀yin olórí méjèèjì, ẹ jáde wá sétí odò lójú gbogbo wa. Ẹ bu omi náà, kí ẹ mu ún. Ẹni tí kò bá lè mu ún, kó sọ fún Adébímpé ìdí tí ìyá rẹ̀ fi ní láti mu ún.