Tìróò Màmá Mi àti Iná Léésà

Òórùn ọṣẹ ni mo fi ń mọ̀ pé mo ti délé nígbà náà. Ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń se ọṣẹ kò jìnnà sí òpópónà Ilo-Awela, bí atẹ́gùn bá sì ti fẹ́ láti apá ibẹ̀, gbogbo àdúgbò á máa ta sánsán bí ọmọ tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ fún. Ní òpópónà náà ni màmá mi ti ń ta bókẹ́ẹ̀tì àti abọ́ rọ́bà tó ní àbùkù díẹ̀, èyí tí àwọn ilé-iṣẹ́ kò lè kó lọ sọ́jà. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ní ọ̀kan nínú àwọn yunifásítì tí wọ́n ń dá sílẹ̀ ní Ọ̀tà, nígbà tó jẹ́ pé ilẹ̀ tí o bá rí tó ṣófo lónìí, tó bá dọ̀la, ṣọ́ọ̀ṣì ni tàbí ilé-ẹ̀kọ́.

Láti kékeré ni mo ti ń lo awò ojú, ó sì nípọn bí ìdí ìgò. Láràárọ̀ ni Màmá máa ń ní kí n bọ́ ọ kí òun lè lé tìróò fún mi, lẹ́yìn tí òun bá ti lé tòun. Mùsùlùmí ni wá, ìyá rẹ̀ ló sì kọ́ ọ pé tìróò ń tọ́jú ojú. Bí mo bá ti bọ́ awò, ojú rẹ̀ á di kùrukùru, òórùn obì ẹnu rẹ̀ nìkan ni màá fi mọ̀ pé ó ti sún mọ́ mi.

Nígbà tí mo wá sọ fún un pé mo fẹ́ lọ fi iná léésà tún ojú mi ṣe kí n lè yé lo awò, ńṣe ló gbé bókẹ́ẹ̀tì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ojú kì í ṣe aṣọ tí wọ́n ń lọ̀. Ẹ̀rù rẹ̀ ran èmi náà, torí bí ojú yìí bá bàjẹ́, kí ni mo fẹ́ fi ṣiṣẹ́? Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo ń lọ, òun ló kọ́kọ́ múra.

Ìwọ tí o fẹ́ ṣe irú rẹ̀, o bi mí bóyá ó máa ń dunni. Rárá o. Wọ́n á kọ́kọ́ yẹ ojú rẹ wò dáadáa, wọ́n á wo bí awọ iwájú ẹyinjú ṣe nípọn tó, torí kì í ṣe gbogbo ojú ló yẹ fún un. Oògùn tí wọ́n kán sí mi lójú mú kí ó kú, bí wọ́n tilẹ̀ fọwọ́ kàn án n kò lè mọ̀, wọ́n sì fi nǹkan kékeré kan dá ìpéǹpéjú mi dúró kí n má baà ṣẹ́jú. Dókítà ní kí n tẹjú mọ́ iná aláwọ̀ ewé kan. Nǹkan tẹ̀ mí lójú, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, ẹ̀rọ ń dún ta-ta-ta, òórùn bí irun tó jóná sì gba imú mi. Òórùn yẹn ló dẹ́rù bà mí jù. Ṣùgbọ́n ká ní mo gbé omi kaná kí n tó wọlé, kò ní tíì hó tí wọ́n fi parí.

Ìgbà tí agbára oògùn náà tán lójú mi ni ó wá ń ta mí bíi pé mò ń gé àlùbọ́sà. Dókítà kìlọ̀ fún àwa méjèèjì: n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ra ojú, omi kò gbọ́dọ̀ kó sí i, kí n máa fi ìbòjú onírọ́bà tí wọ́n fún mi sùn, kí n sì máa kán oògùn torí ojú á máa gbẹ. Ó ní mo lè máa rí òrùka yí iná ká lálẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Màmá bi í nípa tìróò. Ó ní tìróò gan-an ni kò gbọ́dọ̀ kàn án, títí òun á fi yọ̀ǹda.

Nílé, bí àkókò ìrun bá tó, Màmá á fún aṣọ tútù, á rọra fi nù mí lójú dípò omi àlùwàlá, láìkan ẹyinjú. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣí ìbòjú, mo ka ohun tí wọ́n kọ sára táǹkì omi ilé òdìkejì, mo sì sunkún ayọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo yíjú sí màmá mi. Ojú rẹ̀ kéré, ó rí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde àìsàn. Mo bi í, ó ní ara òun le. Àwọn oníbàárà rẹ̀ pàápàá ń bi í bóyá ara rẹ̀ kò yá. Ó tó ọjọ́ mélòó kan kí n tó mọ ohun tó yàtọ̀: kò lé tìróò. Mo bi í léèrè.

“Ojú ọmọ mi ń gbààwẹ̀,” ó ní, “tèmi á wá máa jẹun?”

Lọ́jọ́ tí dókítà yọ̀ǹda, ó ní kí n jókòó lórí bókẹ́ẹ̀tì tí ó dojú dé, ó sì mú tìróò rẹ̀ jáde. Mo ti na ọwọ́ láti bọ́ awò kí n tó rántí pé kò sí awò mọ́. Ó sún mọ́ mi. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo rí ojú màmá mi lẹ́nu iṣẹ́ yẹn. Ó ki ahọ́n bọ àárín eyín bí ọmọ tó ń kọ́ ìwé kíkọ, ọwọ́ tó fi di igi tìróò mú sì ń gbọ̀n.

Mo ní, “Màmá, ṣé torí iṣẹ́ abẹ yẹn lẹ̀rù ṣe ń bà yín?”

“Ó ti pẹ́ tó ti ń bà mí,” ó ní. “Àtìgbà tí mo ti ń lé e fún ẹ ni. Ojú ọmọ ni, kì í ṣe ojú abẹ́rẹ́.”

Bí àwọn èèyàn bá bi mí ní ohun tí léésà ṣe fún mi, mo máa ń sọ pé mo lè ka nọ́ńbà ọkọ̀ lókèèrè báyìí. Ṣùgbọ́n ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, màá sọ òótọ́ ibẹ̀ fún ọ. Láti kékeré ni ọwọ́ yẹn ti ń gbọ̀n nítorí mi, ọjọ́ yẹn ni mo tó rí i.