Mẹ́wàá Sí I

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé obìnrin yìí ò mọṣẹ́. Èmi tí mo ti jókòó ti tábìlì rẹ̀ fún ọdún mọ́kànlá ni mò ń sọ̀rọ̀. Ìtàn ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, òun ń kọ́ wọn ní ìṣirò, kíláàsì kejì girama, ọmọ mọ́kànlélọ́gọ́ta nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ méjì ò ṣeé ṣí. Obìnrin kúkurú ni, ohùn rẹ̀ ń ró, orí ìdúró ló ti ń jẹun ọ̀sán, ìwé ọmọ lọ́wọ́ kejì. Ṣọ́ọ̀kì kì í tán lápò rẹ̀. Mẹ́wàá-Sí-i làwọn ọmọ ń pè é lẹ́yìn. Ó mọ̀, ó sì ń fi rẹ́rìn-ín.

Ohun tó fa orúkọ náà rèé. Tó bá kọ ìbéèrè mẹ́wàá sójú pátákó, ọmọ tó bá kọ́kọ́ parí ò gbọdọ̀ jókòó lásán kó máa dí ẹlòmíì lọ́wọ́. "O ti ṣe tán? O káre láé. Gba mẹ́wàá sí i." Irú kan náà ni o, nọ́ńbà nìkan ló yàtọ̀. Ẹ sì má wò mí báyẹn, gbogbo wa là ń ṣe é. Tí ọgọ́ta ọmọ bá wà níwájú yín, tí ogún nínú wọn ò tíì mọ ìsọdipúpọ̀, ṣé ẹni tó ti mọ̀ ọ́n lẹ máa ráyè fún? Ẹni tó mọ̀ ọ́n kúkú ti mọ̀ ọ́n. Ohun tá a máa ń sọ nìyẹn. Kí Ọlọ́run forí jì wá.

Ọmọbìnrin kan wà ní kíláàsì yẹn, ọmọ aránṣọ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé wa. Ọmọ ọdún méjìlá, ó tínrín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó kọ́kọ́ dé, tísà ò tíì kọ ìbéèrè kẹwàá tán tó ti ń nawọ́. Ó gba mẹ́wàá sí i, ó ṣe é. Ó tún gba mẹ́wàá. Lọ́jọ́ kan ó ṣe àádọ́ta, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sì ti jáde lọ ṣeré. Nígbà tó di sáà kejì, kò nawọ́ mọ́, àwọn tó gbẹ̀yìn ló ń bá parí. Nígbà tó di sáà kẹta, kò parí mọ́ rárá. Méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ló gbà nínú ìdánwò.

"Ó ti ya ọ̀lẹ," ni Mẹ́wàá-Sí-i wí fún mi, inú sì ń bí i. Èmi ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Òfin ilé ìwé wa ni pé ẹni tó bá fìdí rẹmi nínú ìṣirò máa tún kíláàsì náà ṣe, wọ́n á sì lẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ ògiri lọ́jọ́ Ajé. Ìyá ọmọ náà wá bá wa ní Ọjọ́rú, téèpù tó fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Kò bá wa jà.

"Ẹ̀yin tísà, agbára mi ò gbé kíláàsì kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Tí orúkọ ẹ̀ bá fi lè wà lára ògiri, ẹ̀yìn máṣíìnì ló ń bọ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ ò kúkú tini lójú." Ó wá yọ ìwé ọmọ rẹ̀ síta. "Ẹ tiẹ̀ bá mi wo ẹ̀yìn ìwé yìí. Bó ṣe ń ba ìwé jẹ́ nìyẹn, ẹnu mi ti bó."

Mẹ́wàá-Sí-i ṣí ẹ̀yìn ìwé. Ọmọ náà ti ya àwọn aṣọ tí ìyá rẹ̀ ń rán síbẹ̀, apá, ọrùn, ara iwájú, ó ń wá bí gbogbo rẹ̀ ṣe máa jáde lára yáàdì mẹ́ta láì sí ohun tó máa ṣẹ́ kù. Ó fi lẹ́tà mẹ́ta dúró fún ohun mẹ́ta tí kò mọ̀, ó sì wá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rí. Ó di ọdún mẹ́ta sí i kí wọ́n tó kọ́ ẹnikẹ́ni nírú ẹ̀ nílé ìwé wa.

"Ta ló kọ́ ọmọ yìí ní èyí?"

"Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ó ní òun ń ṣeré ni."

Háà! Ọ̀rẹ́ mi jókòó wọ̀ọ̀. Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Lọ́jọ́ kejì ló lọ bẹ ọ̀gá ilé ìwé. Ọ̀gá ní rárá. Ó padà lọ lọ́sàn-án, ọ̀gá tún ní rárá. Nígbà tó di àárọ̀ Ọjọ́ Ẹtì, ó kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, obìnrin tó fi ọdún mẹ́fà ju ọ̀gá náà lọ!

Mo ní, "Dìde jàre, àwọn ọmọ ń wò ọ́."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò. Ṣé kì í ṣe èmi ni mo ba ọmọ ọlọ́mọ jẹ́ ni?"

Nígbà tó sú ọ̀gá, ó ní ó dáa: ogún ìbéèrè, wákàtí kan, lójú òun. Tó bá gba mẹ́wàá, òun á yọ orúkọ rẹ̀ kúrò. Kí ọmọ náà tó wọlé, Mẹ́wàá-Sí-i dì í lọ́wọ́ mú. "Ọmọ mi, ṣe gbogbo ẹ̀ kíákíá, bó o ṣe máa ń ṣe tẹ́lẹ̀." Ọmọ náà ní bẹ́ẹ̀ ni mà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Kò tíì pé ìṣẹ́jú mọ́kànlá tó fi ṣe méje. Ó wá gbé bírò sílẹ̀, ó ká ọwọ́ gbera, ó kọjú sí fèrèsé. A ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀. Adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ. Ìyá rẹ̀ ń fi téèpù wé ìka, ó ń tú u. Ọ̀rẹ́ mi ń làágùn bíi pé òun gan-an ló ń ṣèdánwò. Títí wákàtí fi pé, ọmọ yẹn ò fọwọ́ kan bírò mọ́.

Ọ̀gá máàkì í. Ó gba méjèèje. "Ṣùgbọ́n méje ò tó mẹ́wàá," ló wí.

"Kí ló ṣe ọ́ tó ò parí ẹ̀?" Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ máa sunkún.

Ọmọ náà wo tísà rẹ̀. Kò sí àfojúdi kankan nínú ojú rẹ̀. "Mà, tí mo bá parí ẹ̀, ṣé kì í ṣe mẹ́wàá sí i ni?"

Mẹ́wàá-Sí-i bú sẹ́kún. Ó ní kí ọ̀gá ka ẹ̀ṣẹ̀ náà sí òun lọ́rùn. Ọ̀gá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n méje ni méje. Lọ́jọ́ Ajé, orúkọ ọmọ náà wà lára ògiri, òun fúnra rẹ̀ sì wà lẹ́yìn máṣíìnì ìyá rẹ̀.

Láti ìgbà náà, tá a bá ti jáde, ọ̀rẹ́ mi á gba ẹ̀yìn ọgbà lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ. Ó máa ń mú bébà kan dání, ìbéèrè ẹyọ kan ṣoṣo, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ máṣíìnì. "Ọ̀kan ni o. Tó o bá ti ṣe é, ó parí." Ọmọ náà ò ní wò ó. Ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì. Bébà náà ni ìyá rẹ̀ fi ń di abẹ́rẹ́. Mo ní kó fi wọ́n sílẹ̀, ó jágbe mọ́ mi débi pé mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún odidi ọjọ́ kan.

Lánàá, mo tẹ̀ lé e. Bá a ṣe wọlé, ọmọ náà fa bébà ọjọ́ tó ṣáájú yọ lábẹ́ aṣọ tó ń rán, ó nà án sí i, kò gbójú sókè. Ìdáhùn wà níbẹ̀. Ó kọ nǹkan sísàlẹ̀ rẹ̀: "Ó ti rọrùn jù, mà. Ṣé ẹ ní èyí tó le?"

Ọ̀rẹ́ mi kà á, ó tún un kà. Ó kó ọwọ́ méjèèjì bọ àpò, ó ń wá èyí tó le kiri bíi pé ó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Ọdún mẹ́tàlélógún ló ti ń kọ́ ọmọ, kò sì mú ìbéèrè tó le kankan dání. Ṣọ́ọ̀kì nìkan ló wà lápò rẹ̀.