Ọjọ́ Mẹ́rin Gbáko Ni Ẹ̀gẹ́ Mi Ń Lò Nínú Àpò

Ọdún tí wọ́n tún ṣí ilé-ìwé padà, lẹ́yìn tí gbogbo ayé ti fi aṣọ bo imú, ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi ò mọ nọ́ńbà ọdún. Ìwọ tí o ń kọ ọ́, bí o bá tiẹ̀ mọ̀ ọ́n, má fi síbẹ̀. Bí mo ṣe sọ ọ́ ni kó o kọ ọ́.

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó ni mí, Àgọ́-Ìwòyè ni mo ti lọ́kọ. Nígbà tí ọkọ mi kú, ó fi yàrá mẹ́ta sílẹ̀ tí àwọn ọmọ yunifásítì ń gbé, àti àtíbàbà kan níwájú ilé, níbi tí mo ti ń yan gàrí. Ẹbí ló ń gba owó yàrá. Àtíbàbà nìkan ló jẹ́ tèmi.

Àbúrò ọkọ mi wá lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó dúró síwájú iná mi, ó ń fi ẹsẹ̀ wọn ilẹ̀.

"Ìyàwó wa, ibí yìí á gba yàrá méjì."

"Ọkọ mi, agbada gàrí kan ló gbà. Ó sì ti kún."

Ó rẹ́rìn-ín. "Gàrí inú ọ̀rá aláràbarà làwọn èèyàn ń rà báyìí, àwọn tó kàwé ló sì ń tà á. Ìwọ tó jẹ́ pé bí o bá rí A, o máa ní àkàbà ni, kí lo fẹ́ fi bá wọn du ọjà?"

Ó ní lọ́jọ́ tí ilé-ìwé bá wọlé, bí ilẹ̀ bá ṣú láìsí gàrí lórí tábìlì mi, òun á kó bíríkìlà wá.

Mo ní, "Ẹ kó wọn wá. Ẹ ní kí wọ́n jẹun kúrò nílé, nítorí n ò ní fún wọn ní gàrí."

Òótọ́ ni pé n ò kàwé. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí èmi àtàwọn tó ń kàwé ti jọ ń gbé, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàárín. Ọmọbìnrin kan wà lára wọn, ará Ogun Waterside, ọmọ apẹja. Bí ìdánwò bá ti ń bọ̀, á lọ kó ìbéèrè àwọn ọdún tó ti kọjá jọ. Pásí-kúẹ́ṣìn ni wọ́n ń pè é.

Mo bi í pé, "Ọmọ mi, ohun tí wọ́n ti bi ẹlòmíì, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

Ó ní, "Màmá, àwọn tíṣà ò lọ́rọ̀ tuntun. Ohun tí wọ́n bèèrè léṣìí ni wọ́n máa bèèrè lọ́dún yìí, wọ́n á kàn pa aṣọ dà fún un ni."

Mo gbé ìyẹn lọ sídìí agbada. Kí làwọn oníbàárà mi bi mí léṣìí? "Màmá, ṣé ó kan dáadáa?" "Màmá, ṣé kò ní yanrìn?" "Màmá, ṣé ẹ ò ní kóńgò tó kéré sí èyí?" Kò sẹ́ni tó béèrè ọ̀rá aláràbarà lọ́wọ́ mi rí. Ni mo bá wá kóńgò kékeré, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í jọ gàrí lẹ́ẹ̀mejì.

Ọmọ yẹn náà ló kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ kejì, èyí sì dun òun fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ kan wà tí kò kà títí ìdánwò rẹ̀ fi ku ọ̀la. Ó wá há gbogbo rẹ̀ sórí lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ó kùnà, wọ́n ní kó tún un ṣe lọ́dún tó ń bọ̀. Ó jókòó sórí àpótí mi, ó ń sunkún.

"Màmá, mo kúkú mọ̀ ọ́n lánàá o!"

Mo ní, "O mọ̀ ọ́n lánàá. Kò tíì kan ni."

Àfi bí wọ́n ṣe kéde lórí rédíò ní Sátidé pé Mọ́ńdè ni ilé-ìwé máa wọlé. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di ẹ̀gẹ́ tí mo lọ̀ sínú àpò, tí mo gbé òkúta lé e. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni tèmi ń lò kí omi tó fún tán, kí ó sì kan. Ó di ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè kí ó tó pé. Àwọn obìnrin tó kù ládùúgbò ti tú tiwọn jáde, wọ́n ń yan án.

Obìnrin tó ń bá mi jọ gàrí ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká yan án! Ẹ fẹ́ pàdánù ilẹ̀ nítorí kíkan? Kí lọmọdé mọ̀ nípa kíkan?"

Mo ní, "Ohun tí wọ́n ń bi mí lọ́dọọdún nìyẹn. Ṣé kí n kùnà ìbéèrè tí mo ti mọ̀ ni?"

Mọ́ńdè pé. Ọ̀kadà ń já àwọn ọmọ sílẹ̀ tẹrùtẹrù. Ọmọ apẹja dé, ó wo tábìlì mi tó ṣófo.

"Màmá, gàrí dà?"

"Ó ń kàwé lọ́wọ́."

Láàárọ̀ Túsìdeè, àbúrò ọkọ mi já búlọ́ọ̀kù sílẹ̀, òun àti bíríkìlà kan. Wọ́n ta okùn. Mo gbé àpótí mi sí àárín okùn, mo jókòó.

"Ìyàwó wa, dìde."

"Ẹ gbẹ́ ilẹ̀ yí mi ká."

Bíríkìlà gbé ṣọ́bìrì rẹ̀ lé èjìká. "Bàbá, ìyá bí èmi náà o. N ò lè gbẹ́lẹ̀ lábẹ́ arúgbó." Ó lọ. Àbúrò ọkọ mi ní òun ń kó olórí ẹbí bọ̀ ní Tọ́sìdeè.

Láàárọ̀ Wẹ́sìdeè, mo dá iná. Òórùn kíkan gàrí yẹn dé títì kí ìmọ́lẹ̀ oòrùn tó dé ibẹ̀. Àwọn ọmọ ń bọ̀ pẹ̀lú ike lọ́wọ́, wọ́n ń sọ pé èyí tí àwọn rà ní Mọ́ńdè dà bí ìgbà téèyàn ń jẹ lẹ́bú. Nígbà tí olórí ẹbí máa fi dé lọ́jọ́ kejì, òun náà ní láti wá ọ̀nà gba àárín wọn kọjá. Ó bu gàrí sẹ́nu. Ojú rẹ̀ fún pọ̀. Ó ní kí n bá òun wá omi tútù.

Nígbà tó mu ún tán, ó bèèrè pé, "Ta ló ní kí wọ́n wó ibí yìí?"

Àbúrò ọkọ mi ń wo bàtà ara rẹ̀.

Kò padà wá kó búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Òun ni mo fi ń tẹ àpò ẹ̀gẹ́ mi títí dòní. Ó wúwo ju òkúta lọ.

Nígbà tó yá, àwọn ọmọ tí mo bí ní kí n jẹ́ kí àwọn ra ẹ̀rọ tó ń fún ẹ̀gẹ́ gbẹ kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní, "Ẹ rà á fún ara yín. Bí mo bá sì kú, tí ẹ bá fẹ́ wó àtíbàbà yìí, ẹ kọ́kọ́ gbé búlọ́ọ̀kù yẹn kúrò lórí àpò. Bí ẹ̀gẹ́ abẹ́ rẹ̀ bá ti pé ọjọ́ mẹ́rin, ẹ yan án, kí ẹ tà á ná. Bí kò bá sì tíì pé, ẹ gbé búlọ́ọ̀kù padà síbẹ̀, kí ẹ jókòó."