Ẹlẹ́nu Pẹ́pẹ́yẹ Inú Aṣálẹ̀

Bàbá Ọ̀dà ni gbogbo ènìyàn ń pe bàbá mi. Bóyá ni pátákó ṣọ́ọ̀bù kan wà ládùúgbò wa tí kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ló kọ ọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó fi ń yangàn jù ni àwòrán ayé, ìyẹn máàpù, tó yà sára ògiri ilé ẹ̀kọ́ tí mo ti ń ṣe tíṣà. Ó ti pé ọgbọ̀n ọdún. Ó ya ẹranko kọ̀ọ̀kan sí ibi tó ń gbé, ó sì ya dọ́fínì méje, ẹranko omi tó jọ ẹja, tí wọ́n ń fò lójú òkun. Láàárín aṣálẹ̀ ńlá tó wà lókè ilẹ̀ wa, lórí yanrìn, ló ya ẹranko kékeré kan sí, onírun lára, tí ẹnu rẹ̀ rí bíi ti pẹ́pẹ́yẹ.

Ẹranko yìí ń yé ẹyin, ó sì tún ń fún ọmọ lọ́mú. Irú wọn ò pọ̀ láyé: òun, àti ẹlẹ́gùn-ún kan tó ń jẹ èèrà. Ọsirélíà nìkan ni ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ ń gbé, inú odò ló sì wà. Ẹlẹ́gùn-ún wà níbẹ̀ àti ní Niu Gíní. Kí ló wá kan aṣálẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí? Síbẹ̀, ọdún méjìlá gbáko ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ pé aṣálẹ̀ ni ilé rẹ̀. Nígbà tí ọ̀kan bi mí ibi tó ti ń rí omi mu, mo ní ẹnu yẹn ló fi ń gbẹ́ yanrìn títí yóò fi kan omi. Ta ló rán mi níṣẹ́? Ọwọ́ bàbá mi ló yà á, mi ò rò ó pé ó yẹ kí n yẹ̀ ẹ́ wò.

Lẹ́yìn náà ni mo rí òótọ́ nínú ìwé kan. Ọdún mẹ́fà rèé, mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí a bá ti dé orí ẹ̀kọ́ yẹn, màá ní kí wọ́n ya dọ́fínì nìkan. Dọ́fínì gan-an ò pé, torí àwọn kan ń gbé inú odò, ní Ámásọ́nì àti Gánjì. Ká máa fi ohun tí a mọ̀ pa mọ́ máa ń rẹni ju iṣẹ́ lọ.

Ní sáà yìí, ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ tuntun dé, ojú rẹ̀ sì mú. Ó dúró níwájú ògiri náà títí tíì ọwọ́ rẹ̀ fi tutù. Ó pè mí sí ọ́fíìsì, ó ní àwọn akunlé ń bọ̀ ní Sátidé láti fi ọ̀dà funfun pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, àfi tí oníṣẹ́ bá tún àṣìṣe inú aṣálẹ̀ yẹn ṣe kó tó di ọjọ́ náà. Kò jágbe mọ́ mi. Ó kàn rọra béèrè bí mo ṣe ń kọjá níwájú ògiri yẹn láti ọdún méjìdínlógún.

Mo délé, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn láìbọ́ bàtà. Ọwọ́ bàbá mi ti ń gbọ̀n, ojú ọ̀tún rẹ̀ sì ti ń ṣú, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ló ṣì ń fọ búrọ́ọ̀ṣì tí kò fi kun nǹkan kan. Ẹ̀rù bà mí pé bí wọ́n bá pa ògiri yẹn rẹ́, kò ní jí fọ búrọ́ọ̀ṣì mọ́. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kì í tóbi ká fi ọ̀bẹ bù ú, ẹnu náà la fi ń sọ ọ́. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi.

"Mo mọ̀," ló wí.

Ó ní ìrù kangarúù tí òun kọ́kọ́ yà, ẹranko tó ń gbé ọmọ sínú àpò ikùn, ti gba gbogbo Ọsirélíà tán nígbà náà. Ọ̀gá àtijọ́ sì ní òun ò fẹ́ rí ibi kankan tó ṣófo, pé yóò dà bí iṣẹ́ tí wọn ò parí. Ẹranko kan ṣẹ́ kù lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò ní àyè, àyè kan sì wà tí kò ní ẹranko. Ó fi ọ̀kan dí èkejì, ó ní òun yóò ṣí i nípò bí ẹnikẹ́ni bá ti béèrè.

"Mo rò pé tíṣà kan á bi mí láàárín ọ̀sẹ̀ kan," ó ní. "Nígbà tó yá, ìwọ náà di tíṣà níbẹ̀. Mo ní ọmọ mi á bi mí. O ò bi mí."

"Mo rò pé ẹ kì í ṣe àṣìṣe ni, Bàbá."

"Èmi akunlé?" Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó sì lọ sùn.

Ní ọ̀sán Jímọ̀, mo di àkàbà mú fún un. Ó fi àwọ̀ yanrìn bo ẹranko inú aṣálẹ̀, ó gé ìrù kangarúù kù, ó sì tún ẹlẹ́nu pẹ́pẹ́yẹ yà sí etí odò tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ẹnu ẹranko náà wọ́ díẹ̀. Agbára bàbá mi ò gbé dọ́fínì mọ́, ló bá na búrọ́ọ̀ṣì sí mi, ó ń fi ìka tọ́ka: Ámásọ́nì nìyẹn, Gánjì nìyí. Tèmi jọ ọ̀dùnkún. Ó ní kí n tẹ́ ìrù wọn sílẹ̀ pẹrẹsẹ, pé ìrù ẹja ló ń dúró lóòró. Ọ̀gá wá wò ó, ó sì ní kí àwọn akunlé má wulẹ̀ wá mọ́.

Nínú ọkọ̀, bàbá mi sùn lé mi léjìká. Àtúnṣe tirẹ̀ ti tán. Èmi ń ronú kan àwọn ọmọ tí mo kọ́ lọ́dún méjìlá yẹn. Mẹ́ta nínú wọn ti di tíṣà.