Apẹ̀rẹ̀ Lẹ́nu Ọ̀nà Aládùúgbò Wa

Màmá mi wá láti Ìjẹ̀bú bá mi gbé ní Dagenham ní ìlú London, ṣùgbọ́n kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ilé sì sú u. Aládùúgbò wa, obìnrin ẹ̀yà Dimasa láti Íńdíà, máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, á máa fi ọparun àti pankẹ́rẹ́ hun apẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá màmá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi pankẹ́rẹ́ di etí apẹ̀rẹ̀. Obìnrin náà ń rẹ́rìn-ín, ó tú ibi tí màmá mi ti ṣe àṣìṣe, ó tún fi bó ṣe yẹ hàn án.

“Màmá, èdè wo lẹ fi ń bá ara yín sọ̀rọ̀?”

“Ta ló ráyè ọ̀rọ̀? Bá wa gbé oúnjẹ wá síta.”

Mo bu ìrẹsì fún wọn, mo sì gbé àga tèmi náà jáde.