Wọ́díróòbù Tó Fẹ́ Jáde Nílé Mi

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí nínú yàrá ara mi. Ẹ má kánjú, èmi náà ò kánjú.

Ilé àwọn bàbá mi là ń gbé l'Abẹ́òkúta, ilé alámọ̀ tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́. Ṣé ikán wá mọ ilé baba ẹnìkan ni? Inú ògiri ló gbà wọ àpótí ìyàwó mi, ó sì jẹ ọ̀kan nínú àwọn àdìrẹ tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un. Àdìrẹ tí ìyá fọwọ́ ara rẹ̀ ya!

Ìyàwó mi, Ìyá Dàpọ̀, ò sunkún. Ó kàn ń ká àwọn tó kù sínú báàgì, ó ní òun ń kó wọn lọ sọ́dọ̀ àbúrò òun l'Ówódé, níbi tí ògiri kì í ti í jẹ aṣọ. Háà! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gbéyàwó, bí aṣọ obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nílé, ṣé ọkàn rẹ̀ máa ń pẹ́ kó tó tẹ̀ lé e? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù díẹ̀.

Mo pe Mojí, àbígbẹ̀yìn wa obìnrin, tó ń ṣe káfíńtà ní Papalanto. Ó wo ògiri, ó ní wọ́díróòbù tó ṣeé tì kiri la nílò, ká lè máa yẹ ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Ẹ wá wo iṣẹ́ ọwọ́! Ó fá pákó títí ó fi ń dán. Ó ṣe ibi ìfaṣọkọ́ sókè, pẹpẹ sísàlẹ̀, ó wá de táyà kéékèèké mẹ́rin mọ́ ọn nídìí.

Mo ní: "Mojí, mọ́tò lò ń kàn ni?"

Ó ní: "Bàbá, ẹ ṣáà máa wò."

A kó aṣọ sí i tán, a yọwọ́. Ó bá rìn! Àwọn bàbá wa ló mọ̀ọ́mọ̀ tẹ́ ilẹ̀ yàrá náà kó dagẹ̀rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà, kí omi tí wọ́n bá fi fọ̀ ọ́ lè máa ṣàn jáde. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbàgbé!

Ìyá Dàpọ̀ fi gbogbo ara dí ẹnu ọ̀nà: "Bàbá Dàpọ̀, ó ti ń lọ sí Owódé fúnra rẹ̀ o!"

Mojí ò jiyàn. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó yọ táyà méjì tó wà lápá ẹnu ọ̀nà, ó fi ẹsẹ̀ igi dípò wọn, ó sì fi ọ́ìlì ẹ́ńjìn tó ti gbó kùn wọ́n nítorí ikán. Bí a bá fẹ́ sún un báyìí, a ó gbé ẹ̀gbẹ́ kan sókè bí ẹni tó ń ti bárò. Bí a bá sọ ọ́ kalẹ̀, ó dúró gbọnin.

Láàárọ̀ Sátidé tó kọjá, Ìyá Dàpọ̀ sún un láti gbálẹ̀, ó sì ké sí mi. Ọ̀nà ikán tuntun ti gun ara ògiri, ó dé ibi tí àpótí máa ń wà tẹ́lẹ̀. Ó gbá a dànù. Ó ṣí wọ́díróòbù, ó ka àdìrẹ ìyá rẹ̀, ó pé.

Ó ní: "Wọ́n wá o. Wọn ò bá wa nílé."

Báàgì Owódé yẹn? Ẹ̀wà ló wà nínú rẹ̀ báyìí.

Ohun tí mo rí kọ́ ni pé kí ẹni tó ń gbé nǹkan tuntun wọ ilé àtijọ́ kọ́kọ́ bi ilẹ̀ léèrè. Bí ó bá sì ṣìṣe, kó rẹ́rìn-ín, kó tún un ṣe, bíi Mojí mi. Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni ikán ti jẹ nílé tiyín, báwo lẹ sì ṣe ṣẹ́gun rẹ̀? Etí mi ṣí sílẹ̀ o!